Omi ni ṣúgà mílíìkì ń bá lọ: bí ẹni tó dín èbà kù ṣe lè gbádùn wàrà, bọ́tà àti yọ́gọ́ọ̀tì ọlọ́ràá

Nígbà tí dókítà ní kí n dín èbà, àmàlà àti búrẹ́dì kù nítorí ṣúgà tó ń gòkè lára mi, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni pé, "Kí wá ló kù tí màá máa jẹ?" Wọ́n ka ẹ̀fọ́, ẹja, ẹran àti ẹyin fún mi. Wọn ò dárúkọ wàrà, èmi náà ò sì rántí bi wọ́n. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí o! Kí n tó mọ A B D ni mo ti mọ ohùn àwọn ìyá Fúlàní tó ń ru igbá wàrà kọjá níwájú ilé wa. Síbẹ̀, odindi oṣù méjì ni mo fi ń jẹ ẹyin sísè bí ẹni ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ kí ojú mi tó là.

Ohun tó là mí lójú kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣúgà tó wà nínú mílíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní lákítóòsì, inú omi mílíìkì ló ń gbé. Kì í gbé inú ọ̀rá. Ife mílíìkì màálù kan, bíi mílílítà 250, ní tó gíráàmù 12 ṣúgà yìí nínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú kí mílíìkì náà dì, tí omi rẹ̀ ro jáde, omi yẹn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà lọ. Ọ̀rá àti purotéènì ló ń kù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́tà gidi, tí ọ̀rá kó nǹkan bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà kankan. Ṣíìsì líle tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Wàrà tiwa kò jìnnà sí wọn. Ẹ wá fi gàrí wé e: nínú gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, ohun tó ń di ṣúgà lára lé ní gíráàmù 80.

Nínú àwọn tó ń dín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kù, àwọn tó ń ṣe èyí tó le jù máa ń fi ohun tó ń di ṣúgà mọ sí gíráàmù 20 sí 50 lójúmọ́. Mi ò le tó bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Mo kàn ń gbìyànjú kí n má kọjá 100. Bíbélì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin. Mílíìkì ni àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ń pè ní wàrà níbẹ̀, èyí tó dì ni a sì ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà lónìí, ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà yìí ò yí padà: ẹ mú wàrà, ẹ fi oyin sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ bá ẹni tó ń tọ́jú yín sọ̀rọ̀

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ má fò ó. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tó wá gé èbà kúrò lójijì, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí òógùn á bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, tó sì lè dákú. Wọ́n ní láti tún oògùn náà wò bí oúnjẹ ṣe ń yí padà, dókítà ló sì máa ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú náà béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ọ̀rá mílíìkì máa ń gbé tàwọn kan sókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dán inú yín wò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú ń run lẹ́yìn mílíìkì, tí a ó sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀wà àná. Ní 1971, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà kan, Norman Kretchmer, pẹ̀lú Olikoye Ransome-Kuti tó padà wá di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí jáde lórí bí onírúurú ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da lákítóòsì. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti dàgbà kò lè dà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Ohun tó fà á ni pé èròjà kan wà nínú ìfun ọmọ ọwọ́ tó ń gé ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́. Lára ọ̀pọ̀ wa, èròjà náà máa ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà. Lákítóòsì tí a kò bá dà á wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn kòkòrò inú ìfun, gáàsì ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Orí bá wa ṣe é, torí ohun kan náà ló ń yọ ẹni tó ń sá fún ṣúgà àti ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn. Ẹ fi bọ́tà àti ṣíìsì líle bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú wàrà tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà yọ́gọ́ọ̀tì. Mílíìkì olómi ló kẹ́yìn, kó má sì ju ṣíbí méjì lọ nínú tíì. Ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó ń bá yín jà. Àmọ́ ẹni tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí ara rẹ̀ ń lé tó bá fẹnu kan ohun mílíìkì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kó má dán ohunkóhun wò nínú èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí agolo náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ibí ni wọ́n ti ń mú wa. Iwájú agolo á máa fi màálù àti koríko tútù hàn wá; lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ló ń sọ òótọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "carbohydrate" sí, ìyẹn ohun tó ń di ṣúgà lára, kí ẹ sì wo iye tó wà nínú gíráàmù 100, ẹ má wo iye inú ṣíbí kan tí wọ́n fi ń mú un kéré lójú wa.

Mo ní omi ló ń gbé ṣúgà lọ. Omi tó ro jáde ni mò ń sọ o. Omi tó di ooru kì í gbé nǹkan kan lọ, gbogbo ṣúgà rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe sí mílíìkì inú agolo àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú nìyẹn. Mílíìkì alágolo tí kò dùn, èyí tí wọ́n kọ "evaporated" sí lára, ní nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú 100. Lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n kọ "full cream" sí lára sún mọ́ 40 nínú 100. Èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 50. Ní ti mílíìkì dídùn tó ki pọ́pọ́, "condensed", ṣúgà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ ó wá ni "vegetable fat" tàbí "vegetable oil". Tí ẹ bá rí i lára mílíìkì, wọ́n ti yọ ọ̀rá màálù kúrò, òróró igi ni wọ́n fi dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti sọ di funfun. Kì í ṣe májèlé, àmọ́ ọ̀rá mílíìkì kọ́ lẹ rà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bọ́tà" inú ike tí a fi ń pa búrẹ́dì láti kékeré: màjarínì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bọ́tà gidi kì í ní ju ìpara mílíìkì lọ, ìyẹn ọ̀rá tó ń léfòó lórí mílíìkì, "cream", bóyá iyọ̀ díẹ̀.

Yọ́gọ́ọ̀tì tí kò dùn kì í sábà kọjá gíráàmù 5 nínú 100. Tí ẹ bá rí 12, 13, ṣúgà ni wọ́n dà sí i. Ẹ má jẹ́ kí "low fat" tàn yín. A ò sá fún ọ̀rá níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ń fi ṣúgà bo àyè ọ̀rá tí wọ́n yọ.

Ẹ ṣọ́ra fún tíì pẹ̀lú. Nílé wa, ohunkóhun tó bá gbóná nínú ife ni tíì, títí kan Milo àti Bournvita, ṣúgà sì pọ̀ nínú àwọn yẹn kí a tó kan mílíìkì rárá. Tíì gidi, ewé lásán, pẹ̀lú ìpara mílíìkì ṣíbí kan, kò burú.

Mílíìkì kíkan ni nọ́nò àti kindirmo, àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní fúnra wọn, nọ́nò yàtọ̀ sí kindirmo. Wọ́n ti sábà máa ń po bọ́tà kúrò lára nọ́nò kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà, àmọ́ ọ̀rá kindirmo ṣì wà lára rẹ̀. Kindirmo ni kí ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fọ́ fúrá sí i, ẹ dúpẹ́, ẹ ní rárá, torí ọkà jéró ni fúrá. Ní ti wàrà ṣóyà, ohun tó dára ni, ohun tó ń di ṣúgà kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni, kì í ṣe mílíìkì. Ẹ bi olùtajà léèrè kó tó dì í fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ra wàrà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n

Bí àwọn ìyá oníwàrà ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná títí á fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n á gún ewé bọmubọmu díẹ̀, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì náà, wọ́n á sì jẹ́ kó máa gbóná lọ títí á fi hó. Ó máa dì ṣùù-ṣùù, omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Wọ́n á wá bù ú sínú agbọ̀n wẹ́wẹ́ kó lè ro, ojú agbọ̀n náà ni ẹ máa ń rí lára wàrà tí ẹ bá rà á. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wagasi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi pòròpòrò ọkà bàbà sè é kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè pọ́n.

Ẹ má lọ já bọmubọmu lẹ́yìn ilé yín kí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Oje rẹ̀ lóró, ó sì ń ba ojú jẹ́ tó bá ta sí i. Àwọn tó jogún iṣẹ́ náà mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ ra wàrà. Èyí tó dára ń rùn bíi mílíìkì tútù, ara rẹ̀ kì í yọ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ kì í hó. Tó bá ti ń kan díẹ̀, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ò rà á. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì sè é nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wàrà ti gbóná nígbà tí wọ́n ń ṣe é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti kàn án lẹ́yìn ìgbà náà, omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ náà wà níbẹ̀. Ní ti mílíìkì tútù tí kò kan iná rí, ẹ má mu ún, kódà kó jẹ́ ojú yín ni wọ́n ṣe fún un. Ibà brucella àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ti ara màálù wọ ènìyàn nípasẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tí kò bá sí oníwàrà nítòsí, ẹ ṣe é fúnra yín

Ọsàn wẹ́wẹ́ la ó fi ṣe é. Àwọn ará Íńdíà ń ṣe irú rẹ̀, paneer ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi tó wà ní London ló kọ́kọ́ fi lọ̀ mí, torí kò rí wàrà rà níbẹ̀, àmọ́ mílíìkì ọlọ́ràá kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá lítà méjì mílíìkì ọlọ́ràá. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú "full cream" lẹ ní, ẹ po bíi gíráàmù 130 mọ́ lítà omi kan. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ títí oje rẹ̀ á fi tó ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, kí ẹ sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ tó fẹ́lẹ́ sínú asẹ́, kí ẹ gbé e lé orí abọ́ ńlá.

Ẹ gbé mílíìkì kaná tí kò le jù, nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ máa rò ó. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Mo gbé fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó sọ pé "ẹ káàárọ̀ mà," mílíìkì ti bo gbogbo sítóòfù, èyí tó kù nínú ìkòkò sì ti jóná nísàlẹ̀. Bó bá ti fẹ́ hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa da oje ọsàn sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i tó ń já sí ṣùù-ṣùù. Ẹ dúró títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, tí àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ jọ ewéko díẹ̀. Tí omi náà bá ṣì funfun, oje ò tíì tó. Ẹ fi ṣíbí kan kún un.

Ẹ pa iná, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá dà á sórí aṣọ. Ẹ bu omi tútù tó mọ́ lé e lórí. Ìyẹn á fọ ìkan ọsàn kúrò, á sì tún gbé ṣúgà díẹ̀ sí i lọ. Ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ so aṣọ náà, ẹ fún un. Tí ẹ bá fẹ́ kó le tó èyí tí ẹ lè dín, ẹ fi ìkòkò tó kún fún omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Lítà méjì á fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 400. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì. Níbi tí iná ò ti dúró, ẹ dín gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sè é kó dùn

Wàrà dídín: ẹ gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ fi aṣọ nu omi ara rẹ̀ gbẹ kó má ba à ta epo sí yín lójú. Ẹ wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí i, kí ẹ dín in títí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi pọ́n. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi rẹ̀ fi gbẹ, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní man shanu, ló mú un dùn jù. Bọ́tà lásán máa ń tètè jóná. Ẹ má fi ìyẹ̀fun pa á lára.

Ẹ̀fọ́ rírò oníwàrà ni ààyò mi. Ẹ sún epo pupa díẹ̀, ẹ da àlùbọ́sà àti irú sí i, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ata lílọ̀ tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Bí ata bá ti dín dáadáa, ẹ da wàrà dídín sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè mu ata. Ṣọkọ̀ tí ẹ ti bọ̀ tí ẹ sì ti fún ni kó kẹ́yìn, kó sì pọ̀ ju wàrà lọ, torí ẹ̀fọ́ náà ni òkèlè yín báyìí. Mo máa ń fi ṣíbí jẹ ẹ́ nínú àwo tí mo fi ń jẹ àmàlà tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe mí bákan. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà gba wàrà, ṣùgbọ́n ẹ dín epo rẹ̀ kù, ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀gúsí àti wàrà méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ keje: yọ́gọ́ọ̀tì tó ki

Ẹ se lítà mílíìkì ọlọ́ràá kan títí á fi hó, kí ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ títí ẹ ó fi lè ti ìka tó mọ́ bọ̀ ọ́ ká ení dé ẹ̀wá láìjẹ́ pé ó jó yín. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì yọ́gọ́ọ̀tì tí kò dùn mọ́ ọn. Ẹ dé e, ẹ fi ìró tó nípọn wé e, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ sí i fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà náà sí i, tó sì ń kan sí i.

Ẹ wá dà á sórí aṣọ nínú asẹ́, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì di òwúrọ̀. Ohun tí ẹ ó bá lórí aṣọ máa ki débi tí ṣíbí á dúró nínú rẹ̀. Mo máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú apálá tí mo gé wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, tàbí kí n fọ́n ẹ̀pà sísun díẹ̀ lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì wọn ara yín

Ọ̀rá kì í gbé ṣúgà sókè bí èbà, àmọ́ agbára tó wà nínú gíráàmù ọ̀rá kan ju ìlọ́po méjì tinú gíráàmù ṣúgà lọ. Ẹni tó ń jẹ wàrà dídín bí ẹni ń jẹ gúgúrú á sanra, mo ti ṣe é rí. Ìwọ̀n tí mo wá fẹnu kò sí ni wàrà tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún un wọ̀n ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, wọn kì í fẹ́ kó kọjá 180 mg/dL lẹ́yìn oúnjẹ, ìyẹn 10 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mmol. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé pẹ̀lú ohun tí ẹ jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé yẹn á ti sọ fún yín bóyá ìpara mílíìkì inú tíì ló ń ṣe yín ni tàbí bísíkíìtì tí ẹ fi ń sìn ín tí ẹ ò kọ sílẹ̀.

Ó ku omi tó ro jáde lára wàrà àti yọ́gọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni ṣúgà sá sí, nítorí náà ẹ má mu ún. Purotéènì díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò yẹ ní dídànù. Nílé wa, àwọn ọmọ ló ni ín: mo fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tiwọn, ajá náà sì ń rí ìwọ̀nba tirẹ̀ gbà.